Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Ilé Tí A Fi Ìgò Oníke Kọ́

Ka àyọkà yìí dáadáa. Lẹ́yìn náà, dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ o ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí? Bí o bá ti gbà á, o ti kọjá lẹ́bàá Ìkirè nìyẹn. Apòmù kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Aládùúgbò ni ìlú méjèèjì. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Apòmù sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àwọn méjèèjì wà. Láyé àtijọ́, ọjà Apòmù lókìkí púpọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé láti ná ọjà. Ní ti Ìkirè, bí a bá dá orúkọ rẹ̀, dòdò ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn èrò ọkọ̀.

Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò lásán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá bí ó ti yẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèpo rẹ̀ á ti dúdú, inú rẹ̀ á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ìbá gbé jù sí ààtàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ní Ìkirè á gún un, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á bù ú ní ṣíṣù, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa. Ohun tí ó fẹ́ bàjẹ́ ti di ohun tí èrò ń dúró rà lójú ọ̀nà. Fi ọ̀rọ̀ dòdò yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Nígbà tí èrò ọkọ̀ bá jẹ dòdò tán, ata á ta á lẹ́nu, á sì ra omi. Nínú ìgò oníke ni omi náà wà. Àwọn mìíràn máa ń pe irú ìgò yìí ní rọ́bà. Bí ó bá mu omi tán ńkọ́? Ìwọ náà mọ ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Á ju ìgò náà gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ọkọ̀ á sì sáré lọ.

Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ máa ń jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Á di ilẹ̀dú, ohun ọ̀gbìn á sì jẹ ẹ́. Ìgò oníke kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ìgò tí o bá jù sílẹ̀ lónìí lè wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí ọmọ ọmọ rẹ yóò fi dàgbà. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbé e lọ sínú gọ́tà. Ìgò kan kò lè dí gọ́tà. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ìgò bá pàdé ọ̀rá omi àti èèpo iṣu lábẹ́ afárá kékeré, omi kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tí ó ti fi pàǹtí dí ọ̀nà omi ti gbà fún un nìyẹn.

Má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìkirè. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní ìlú Ìbàdàn. Òjò náà pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti da pàǹtí sínú odò náà fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì ti kọ́lé sí etí rẹ̀. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Títí di òní, bí o bá bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè nípa omíyalé Ògùnpa, ojú wọn á yí padà. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Ó gbé afárá lọ, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ.

Ní ọdún 2011 yìí gan-an, bí ìgò ti ń dí ojú omi níhìn-ín, àwọn kan ń fi ìgò kọ́lé ní ibòmíràn. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba wa mọ̀.

Bóyá o ti rí àlàpà rí ní àdúgbò rẹ. Àlàpà ni ògiri ilé àtijọ́ tí ó ti wó kù. Bí o bá bá bàbá àgbà jókòó nítòsí rẹ̀, o lè bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò kó àlàpà yìí dànù?” Wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí ọ, kí wọ́n sì sọ pé, “Ọmọ mi, ṣé owó ni à ń kó dànù ni?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n ń fi amọ̀ kọ́lé, bí ilé bá wó, wọn kì í kó amọ̀ rẹ̀ lọ sí ààtàn. Wọ́n á wú u, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á sì fi mọ ògiri tuntun. Igi àjà tí ó bá ṣì le, wọ́n á tún un lò. Nítorí náà, amọ̀ tí ó wà lára ilé bàbá bàbá rẹ lè jẹ́ amọ̀ tí ó ti ṣe ògiri ilé mìíràn rí.

Ta ni ó ń pò amọ̀ náà? Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀. Á pe àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Á se oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n. Wọn kì í gba owó. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀ díẹ̀. Ní ti àáró, àwọn ẹgbẹ́ á ṣiṣẹ́ fún ọ lónìí, ìwọ náà á sì ṣiṣẹ́ fún olúkúlùkù wọn nígbà tí ó bá kàn án. Má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ yìí. Láìsí i, ilé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lè dúró.

Wàyí o, jẹ́ kí a lọ sí Òkè Ọya. Abúlé kan wà nítòsí ìlú Kaduna tí à ń pè ní Yelwa. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀ sí DARE bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò oníke kọ́lé níbẹ̀. Yahaya Ahmed ni olórí ẹgbẹ́ náà. Wọn kò fúnra wọn dá ọgbọ́n náà. Ará Jámánì kan, Andreas Froese, ti ń fi ìgò kọ́lé ní orílẹ̀-èdè Honduras, lọ́nà jíjìn réré, láti nǹkan bí ọdún 2001. Àwọn bíríkìlà Yelwa kọ́ ọgbọ́n náà, wọ́n sì fi kọ́ ilé oníyàrá méjì tí ó ní pálọ̀, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí 14,000 ìgò. Àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Àwọn mìíràn fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó gbà gbọ́.

Báwo ni ìgò ṣe lè gbé òrùlé dúró? Dán èyí wò. Mú ìgò oníke kan tí ó ṣófo, kí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kíá ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Mú òmíràn, rọ iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kì í títí tí kò fi ní gba iyanrìn mọ́, kí o wá dé e pa. Nísinsìnyí, dúró lé e lórí. Kò ní tẹ́. Iyanrìn inú rẹ̀ kò rí ibi sá lọ, nítorí náà ó di líle bí òkúta. Ike tí ó wà lára rẹ̀ dà bí àpò tí ó dì í mú ṣinṣin.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á sì fi kọnkéré dì í bí ti ilé yòókù. Àwọn tí kì í ṣe bíríkìlà, ọmọdé àti àgbà, á máa fi ajọ̀ jọ iyanrìn, wọ́n á sì máa rọ ọ́ sínú ìgò. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ó bá tutù, yóò sún kì nígbà tí omi bá gbẹ kúrò lára rẹ̀, àyè á sì wà nínú ìgò. Bíríkìlà á wá tẹ́ amọ̀ sórí ìpìlẹ̀, á to ìgò sí i ní ìdùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí a bá to igi ìdáná. Á tún tẹ́ amọ̀ lé e, á sì to ìpele kejì. Ọrùn àwọn ìgò náà, okùn ni wọ́n fi ń so ó pọ̀ mọ́ ara wọn, tí yóò fi dà bí àwọ̀n nínú ògiri. Okùn yìí ni kì í jẹ́ kí ìgò yọ̀ kúrò láàyè rẹ̀ kí amọ̀ tó gbẹ. Ìdí ìgò á hàn síta ní róbótó róbótó, òmíràn funfun, òmíràn àwọ̀ ewé, tí ògiri náà á fi lẹ́wà bí aṣọ aláràbarà.

Ògiri náà nípọn, iyanrìn sì kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí oòrùn ọ̀sán kì í fi í tètè wọ inú ilé. Bí o bá ti sùn nínú ilé alámọ̀ rí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o mọ ohun tí à ń sọ. Ilé búlọ́ọ̀kù tí a kò fi àjà sí kò lè bá a dọ́gba.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí pé ẹnu dùn ún rò ẹ̀fọ́. Kí a sọ pé ìgò kan ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti rọ iyanrìn sí àti láti kì dáadáa. 14,000 ìgò á gba 70,000 ìṣẹ́jú. Èyí ju 1,160 wákàtí lọ. Bí ẹnì kan bá ń ṣe é fún wákàtí 8 lójúmọ́, láìsinmi ọjọ́ kan, yóò lò tó ọjọ́ 146. Ọwọ́ rẹ̀ á ti bó kí ó tó parí! Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 50 bá jọ ṣe é, ọjọ́ 3 péré ni. Ṣé o rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ ti wọlé báyìí? Bí a bá ní kí a sanwó iṣẹ́ fún gbogbo wọn, ilé náà lè wọ́n ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ilé olówó pọ́ọ́kú.

Kíkó ìgò jọ náà ńkọ́? Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 280, tí olúkúlùkù sì ń mú ìgò kan wá lójoojúmọ́, ìgò náà yóò pé 14,000 lẹ́yìn ọjọ́ 50 tí a bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nìyẹn, kò tó táàmù kan.

Ó yẹ kí a sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Oòrùn jẹ́ ọ̀tá ike. Ǹjẹ́ o ti rí korobá tí wọ́n gbàgbé síta fún ọdún méjì? Bí o bá fà á sókè, etí rẹ̀ á ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe lè ba ìdí ìgò tí ó hàn síta jẹ́. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ lẹ́wà láti rí àwọ̀ ìgò lára ògiri, ó sàn kí a rẹ́ ògiri náà tán pátápátá. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ìgò ni a lè fọwọ́ kàn. Ní ìlú tí a ti ń gbin kòkó bíi Ìkirè àti Apòmù, o lè rí ìgò oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko kòkó. Májèlé ni. Má mú un wálé, má sì fọ̀ ọ́ lódò. Má sì ṣe sáré wọ ojú títì torí pé o fẹ́ ṣa ìgò. Ẹ̀mí rẹ kò ní àrọ́pò.

Àwọn ìlú mìíràn ń gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti Yelwa. Ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn obìnrin ń ṣa ike ní ìlú Abidjan, wọ́n sì ń tà á. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ á yọ́ ike náà, á sì sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù. Àwọn búlọ́ọ̀kù náà ń wọ inú ara wọn, tí ènìyàn fi lè tò wọ́n láìlo sìmẹ́ǹtì. Àjọ UNICEF àti ilé-iṣẹ́ Conceptos Plásticos, tí ó wá láti Colombia, ni wọ́n jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, wọ́n ti fi irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kọ́ yàrá ìkàwé ní Gonzagueville, Sakassou àti Divo. Ibi tí ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì ni wọ́n ń kọ́ ọ sí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ẹ̀rọ ni ó ń ṣe èyí. Má ṣe dá iná yọ́ ike lẹ́yìnkùlé yín. Èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìgò onígíláàsì náà kò gbẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè Thailand, láti ọdún 1984, àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò ọtí jọ ní agbègbè Sisaket. Wọ́n fi ìgò tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kọ́ tẹ́ḿpìlì wọn. Àwọn ará àdúgbò ni ó ń kó ìgò náà wá bá wọn.

Ìwọ lè sọ pé, “Ọmọdé ni mí, èmi kò lè kọ́lé.” Kò sí ẹni tí ó ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Bẹ́ǹṣì abẹ́ igi ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní igi odán tàbí igi máńgòrò tí àwọn ọmọ ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ibi ìjókòó níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí a fi ìgò àti amọ̀ mọ, tí bíríkìlà àdúgbò wá fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ rẹ́, lè gba ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ti wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa pé kí a ri táyà àtijọ́ mọ́lẹ̀ dé ìdajì láti fi pààlà pápá ìṣeré. Àwọn àgbẹ̀ náà ń fi páànù tí ó ti dógùn-ún ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ ká. Irú iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n kọjá sì ti di dòdò fún àwọn ará Ìkirè tipẹ́tipẹ́.

Bí olùkọ́ yín bá gbà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá bíríkìlà kan. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A fẹ́ mọ bẹ́ǹṣì sí abẹ́ igi ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa wo ilẹ̀ ibẹ̀.” Ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Wọn yóò bi yín bóyá àgbàrá máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹ ti ní ìdáhùn lẹ́nu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí o mọ̀

Àlàpà: ògiri ilé àtijọ́ tí ó ti wó kù.
Ọ̀wẹ̀: iṣẹ́ tí a bẹ àwọn ènìyàn láti wá bá wa ṣe, láìsan owó.
Ajọ̀: ohun tí a fi ń ya èyí tí ó kúnná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kúnná.
Rẹ́ ògiri: kí a fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì bo ojú ògiri kí ó lè dán.
Òkè Ọya: ilẹ̀ Hausa àti àwọn ìlú tí ó wà ní apá àríwá odò Ọya.

Ìbéèrè

1. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè?
2. Kí ni ó mú kí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 burú tó bẹ́ẹ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró? Bi àgbà kan nílé yín léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀wẹ̀ ṣe rí.
4. Kí ni ìdí tí iyanrìn inú ìgò fi gbọ́dọ̀ gbẹ?
5. Kí ni iṣẹ́ okùn tí wọ́n fi ń so ọrùn ìgò pọ̀?
6. Bẹ́ǹṣì kan ní ìpele ìgò 5. Ìgò 18 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìpele, ẹ̀gbẹ́ méjì ni ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní. Ìgò mélòó ni ẹ ó kó jọ? Bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 bá wà ní kíláàsì yín, mélòó ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan?
7. Rìn yí ilé-ẹ̀kọ́ yín ká pẹ̀lú olùkọ́ yín lẹ́yìn òjò. Ya àwòrán ibi tí omi ń gbà kọjá, kí o sì fi àmì sí ibi tí pàǹtí ti dí i.